Mọ́tò mi ò sítáàtì mọ́ ní ìdájí láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé

Ìyá Olóbì Mákún

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọkàn mi ò balẹ̀.

Corolla 2005 ni mò ń gùn, ọ̀tómátíìkì ni. Iṣẹ́ obì ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ ọjà, aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń kúrò ní Ṣágámù, kí n lè tètè bá gbàǹja tó dára lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti ọjọ́ Ajé tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, mọ́tò yìí ò sítáàtì mọ́ ní ìdájí. Màá yí kọ́kọ́rọ́ títí ọwọ́ á fi máa ro mí. Tó bá wá di nǹkan bí aago mẹ́wàá tí oòrùn ti ta sí i lára, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá yí i, á sì gbà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Lánàá, ọkọ̀ èrò ni mo wọ̀. Ìgbà tí mo fi máa débẹ̀, obì tó kù nílẹ̀ ò ṣe é gbé fún oníbàárà.

Mẹkáníìkì mi ní kí n ra plọ́ọ̀gì mẹ́rin. Mo rà á, kò yí nǹkan kan padà. Ó tún ti ní pọ́ọ̀ǹpù epo ni báyìí. Ẹlòmíì ní ọyẹ́ lásán ni, pé kí n ṣe sùúrù títí ọyẹ́ á fi lọ. Bátìrì mi ò tíì pé oṣù mẹ́jọ. Kí n tó tún náwó, mo ní kí n bi yín.

Dírẹ́bà Òkè-Ajé

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó. Bátìrì ni. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń na Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó, ọdọọdún tí ọyẹ́ bá ti mú, bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ yọnu. Ẹ má tẹ̀ lé ti oṣù mẹ́jọ yẹn. Bátìrì tó ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún ọdún kan kí wọ́n tó tà á fún yín ti darúgbó kó tó délé yín. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá wọ́n kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é sí i.

Ní ìdájí ọ̀la, ẹ ní kí wọ́n fi wáyà jọ́ǹpù ú láti ara mọ́tò aládùúgbò. Tó bá gbà lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé bátìrì ni.

Réwáyà Fọlágbadé

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olóbì. Ẹ má tíì ra pọ́ọ̀ǹpù, ẹ má sì tíì ra bátìrì. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ẹ ò tíì sọ fún wa: ìró wo lẹ máa ń gbọ́ tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́? Iṣẹ́ iná mọ́tò ni mò ń ṣe, mo sì ti rí i pé etí ló ń kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kí ọwọ́ tó débẹ̀.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá bó ṣe máa ń yí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò gbà, bátìrì àti sítátà, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè gbà, ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Epo tàbí iná plọ́ọ̀gì la máa lọ wá. Kí ẹ sì tún wo iná kékeré tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bóyá ó ń ṣẹ́jú, torí mọ́tò tí kò bá dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ̀ lè máa yí títí kó má gbà.

Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń wọ́ ara rẹ̀, wùùùn… wùùùn… bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, a jẹ́ pé iná tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ sítátà ni kò dé tán. Tó bá ń dún tata-tata-tata, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó kàn le ju ti àkọ́kọ́ lọ ni. Tó bá dún kọ̀! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́, sítátà fúnra rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan rárá, ẹ gbé gíà kúrò ní P bọ́ sí N kí ẹ tún un yí.

Ìdánwò kan tún wà tí ẹ ò ní ná kọ́bọ̀ lé lórí. Ní ìdájí tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, ẹ jẹ́ kí mọ́tò kọjú sí ògiri, kí ẹ tan iná iwájú rẹ̀. Kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́, kí ojú yín má kúrò lára ògiri. Tí iná yẹn bá ṣú tó fẹ́ẹ̀ kú, bátìrì ti rẹ̀, tàbí kí ìpẹtà funfun ti bo orí rẹ̀ tí kò jẹ́ kí iná kọjá. Tí iná bá dúró dáadáa ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ̀rora, bátìrì lágbára, nǹkan kan ló dí i lọ́nà. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tún un yí, sítátà tètè máa ń gbóná.

Ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ rí.

Tísà Ilíṣàn

Ọ̀rọ̀ tí Réwáyà sọ nípa ìró yẹn, ó bá mi nílé. Camry tèmi náà kì í gbà láàárọ̀ lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n òun ń yí kíákíá, agbára wà níbẹ̀. Ìgbà kẹta tí mo bá yí i ló máa ń gbà. Wọ́n ti fẹ́ ta kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti máa ń tàn, kí n má tíì sítáàtì, kí n tẹ́tí sílẹ̀ sí abẹ́ àga ẹ̀yìn. Lóòótọ́ mo gbọ́ tó kùn, húùn, bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó sì dákẹ́. Pọ́ọ̀ǹpù epo nìyẹn, ó ń ti epo lọ síwájú. Ó ní kí n pa á, kí n tún tàn án, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí n tó wá sítáàtì. Ó gbà ní kíá! Àṣé nǹkan kékeré kan wà lẹ́nu pọ́ọ̀ǹpù tó yẹ kó máa di epo mú sínú páìpù kó má padà sẹ́yìn. Tiwa ti ṣá, epo á ti ṣàn padà sínú táǹkì kí ilẹ̀ tó mọ́. A pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù, ó parí. Nítorí náà mi ò sọ pé pọ́ọ̀ǹpù kì í bàjẹ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ dán an wò kí ẹ tó rà á.

Mọ́tò tísà ẹlẹgbẹ́ mi kan tún nìyẹn: ó sun ìta mọ́jú nínú ọyẹ́, wọ́n fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń sọ, sí i ní aago mẹ́fà àárọ̀, skánà ní ẹ́ńjìnnì ti gbóná dé dígírì 90. Ẹ́ńjìnnì tí kò tíì ṣiṣẹ́! Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi ẹ́ńjìnnì ló ń purọ́. Ó ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé ara ọkọ̀ ti yá, kọ̀ǹpútà sì ń fún un ní epo táṣẹ́rẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tútù ló ń fẹ́ epo púpọ̀. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ò wọ́n rárá.

Ọmọ Ìpẹ̀rù

Màmá, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tú ike afẹ́fẹ́ iwájú kí ó rọ ìdérí kan epo bẹntiróòlù síbẹ̀, kí ẹ wá yí i. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ohun tí a máa ń ṣe nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ mi, jọ̀wọ́, má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn yẹn mọ́. Mo ti di ojú egbò àwọn tí iná epo sọ sí lójú. Ẹ́ńjìnnì lè sín lójijì, kí iná gba ibi tí ẹ rọ epo sí jáde. Ọwọ́ tó di ìdérí epo mú ló máa kọ́kọ́ jó, lẹ́yìn náà ojú. Nínú ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan ti gbẹ yìí, kí ẹ tó ké, aṣọ ti jó mọ́ ara. Ìyá wa tó fẹ́ lọ ra obì ò gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ dèrò ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń sítáàtì mọ́tò sínú gárééjì tí ẹ tilẹ̀kùn mọ́, pé kó lè gbóná díẹ̀ kí ẹ tó jáde: èéfín rẹ̀ kì í rùn débi tí ẹ máa fura, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ tì í síta kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ Ìpẹ̀rù

Ẹ má bínú mà. Mo ti gbọ́.

Ìyá Olóbì Mákún

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ṣe é ní ìdájí òní bí Réwáyà ṣe wí. Ọmọ mi ọkùnrin dúró ti ògiri.

Wùùùn ló ń ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó wá bọ́ sí tata-tata. Iná lára ògiri dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣú, mo ṣì rí òjìji ọmọ mi kedere. Mo tẹ́tí sí abẹ́ àga ẹ̀yìn bí Tísà ṣe sọ, mo gbọ́ tí pọ́ọ̀ǹpù kùn.

Aládùúgbò mi tún bá mi jọ́ǹpù ú. Ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà! Ṣé bátìrì náà ni, àbí?

Dírẹ́bà Òkè-Ajé

Mo ti wí. Tí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kí mọ́tò máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ yọ orí bátìrì kan. Tó bá kú, a jẹ́ pé ọ́títónétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣáájì bátìrì, náà ò fún un ní iná.

Réwáyà Fọlágbadé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ayé Peugeot 504 àtijọ́ ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn. Mọ́tò òde òní kún fún kọ̀ǹpútà. Bátìrì ló ń bá ọ́títónétọ̀ gbé ẹrù, tí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, iná lè fò sókè kó ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn volt iná ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, lórí bátìrì ó yẹ kó wà láàárín volt 13.8 sí 14.5. Ó tán.

Ìyá Olóbì, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tí aládùúgbò yín ń jọ́ǹpù, níbo ló fi wáyà dúdú há? Orí bátìrì yín ni, àbí irin ara ẹ́ńjìnnì?

Ìyá Olóbì Mákún

Irin ẹ́ńjìnnì ni. Ó ní ibẹ̀ ló dára jù.

Réwáyà Fọlágbadé

Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ ló dára jù. Pupa sí orí pọ́sítíìfù (+) bátìrì tó ti rẹ̀, pupa kejì sí pọ́sítíìfù bátìrì tó dára, dúdú sí nẹ́gẹ́tíìfù (−) bátìrì tó dára, dúdú ìkẹyìn sí irin ẹ́ńjìnnì tó jìnnà sí bátìrì. Bátìrì máa ń tú gáàsì tó lè gbaná, ìdí nìyẹn tí a kì í fẹ́ kí pàràpàrà iná ta nítòsí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wáyà dúdú tó há mọ́ irin ẹ́ńjìnnì ti di ọ̀nà tuntun fún iná láti padà. Tó bá jẹ́ pé wáyà bọ́dì tiyín ló ti bàjẹ́, èyí tó so nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì, wáyà aládùúgbò yín ti bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mọ́tò máa gbà, gbogbo wa á sì pariwo pé bátìrì ni. Ọ̀pọ̀ bátìrì tuntun ni wọ́n ti ra báyìí láìnídìí.

Ẹ bá mi wá ẹni tó ní mítà. Kó wọn ohun mẹ́ta ní ìdájí, kí mọ́tò ṣì tutù. Èkíní, bátìrì kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́: 12.6 ni bátìrì tó kún, 12.2 ti di ìdajì, 12.0 ti fẹ́ẹ̀ tán. Èkejì, bátìrì bí ẹ ti ń yí kọ́kọ́rọ́: kó má wálẹ̀ ju 9.6 lọ. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ jù: kó fi ẹnu mítà kan sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹnu kejì sí irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Nínú wáyà tó pé, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Tó bá ti kọjá volt ìdajì, ibẹ̀ ni àrùn wà.

Ará Òde-Rẹ́mọ ní Winnipeg

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ òtútù ni mo fẹ́ dá sí, torí níbi tí mo wà ní Kánádà, −30 kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Níbí, wáyà iná ń yọ jáde níwájú mọ́tò wa. Tí a bá ti dé láti ibi iṣẹ́, a ó kì í bọ iná ògiri mọ́jú, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣáájì fóònù. Ohun kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó ń mú omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí mo bá gbàgbé láti kì í bọná, mi ò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí òtútù bá dé −18, bátìrì tó dára gan-an lè pàdánù tó ìdajì agbára rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì tún máa béèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí ọ́ìlì ti ki.

Ọyẹ́ ilé wa ò sún mọ́ èyí rárá. Ìdájí tí gbogbo Rẹ́mọ ń wọ súwẹ́tà, tí ètè ń là, mọ́tò tó pé ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ẹni tó ní kí Ìyá wa máa retí kí ọyẹ́ lọ kò ràn án lọ́wọ́. Ọyẹ́ kàn fi ìwọ̀nba ẹrù kún ohun tí kò lágbára mọ́ ni. Bátìrì náà, ooru oṣù Ẹrẹ́nà ló ń pa á, òtútù ló kàn ń gbé òkú rẹ̀ síta.

Ọ́ìlì wo ni ẹ ń lò, Ìyá wa? Tó bá jẹ́ 20W-50, ẹ yẹ ìwé ọkọ̀ wò. 5W-30 ni wọ́n kọ fún Corolla yẹn. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ń ṣàn nígbà tó bá tutù, bó bá ti kéré tó ló máa ń tètè ṣàn tó. Kì í ṣe 20W-50 ló fa wàhálà yín, àmọ́ ó ń dá kún un.

Ìyá Olóbì Mákún

20W-50 ni wọ́n ń bá mi rà, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí o fojú rinjú pẹ̀lú àwọn ará ilé.

Ẹ wò ó, ara mi ń gbọ̀n bí mo ti ń kọ ọ́. Mo lọ pe réwáyà kan ní Sábó, ó wá sílé wa kí ó tó di aago mẹ́fà, Ọlọ́run á sanwó rẹ̀ fún un. Bátìrì kí a tó yí kọ́kọ́rọ́: 12.6. Bí a ti ń yí i: 10.9. Ó ní bátìrì yìí ò ṣẹ̀ mí rárá. Ẹ̀kẹta, láti nẹ́gẹ́tíìfù sí irin ẹ́ńjìnnì: 2.3!

Ó tẹ̀ lé wáyà dúdú náà lọ sí ìsàlẹ̀, lábẹ́ ibi tí bátìrì jókòó, títí dé ara gíà. Bóòtì tó dè é mọ́ra ò le dáadáa, abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà, ohun aláwọ̀ ewé bí ìdọ̀tí sì ti bò ó. Ó gé rọ́bà wáyà náà, ó ju ìdajì okùn kọ́pà inú rẹ̀ lọ tó ti já. Mo wá rántí: oṣù Ògún ni wọ́n sọ gíà mọ́tò yìí kalẹ̀ tún un ṣe. Bí wọ́n ṣe dá wáyà yẹn padà nìyẹn, wọ́n kàn sọ ọ́ mọ́bẹ̀. Látìgbà náà ló ti ń bàjẹ́ lọ.

Ó fi sándípépà ha ibẹ̀ títí irin fi ń dán, ó fi wáyà tuntun tó nípọn dípò rẹ̀. Ó tún wọ̀n ọ́n: 0.1. Wáyà yẹn ò tó owó plọ́ọ̀gì kan nínú mẹ́rin tí mo rà.

Ìbéèrè tó kù lọ́kàn mi nìyí: kí ló dé tó fi ń gbà ní aago mẹ́wàá tó bá jẹ́ pé wáyà ti já?

Réwáyà Fọlágbadé

Ayọ̀ yín, ayọ̀ mi ni.

Ẹ rántí afárá tóóró kan. Lọ́jọ́ tí ọjà ò pọ̀, gbogbo èèyàn á kọjá lórí rẹ̀ láìsí ariwo. Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á há. Ìwọ̀nba okùn kọ́pà tó kù nínú wáyà yín ni afárá yẹn. Ní aago mẹ́wàá tí ọ́ìlì ti rọ̀, ẹ́ńjìnnì fúyẹ́ láti yí, iná tí sítátà ń béèrè ò pọ̀, ó ń rí ọ̀nà gbà. Ní ìdájí, ọ́ìlì ti ki, ẹ́ńjìnnì wúwo, sítátà ń béèrè iná rẹpẹtẹ, afárá ò gbà á. Ìdí tí iná iwájú fi dúró náà nìyẹn: wáyà tirẹ̀ gba ara bọ́dì mọ́tò lọ bá bátìrì, kò bá ti ẹ́ńjìnnì lọ.

Dírẹ́bà Òkè-Ajé

Mo gbà, Réwáyà. Mo ti kọ́ nǹkan. Bátìrì méjì ni mo rà lọ́dún kan náà lórí bọ́ọ̀sì mi, mi ò wo wáyà bọ́dì rí. Ọ̀la ni mo máa tẹ̀ lé tèmi débi tó parí sí.

Tísà Ilíṣàn

Ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù dísù nínú wa ńkọ́? Bàbá ilé wa kan ń bi mí, tiwọn náà ń dà wọ́n láàmú láàárọ̀.

Réwáyà Fọlágbadé

Dísù ò ní plọ́ọ̀gì tó ń tanná bí ti bẹntiróòlù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní irin kékeré tó máa ń pọ́n nínú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n máa fi mú un gbóná kó tó gbà. Kí bàbá yí kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n dúró títí iná tó rí bíi sípíríìnì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù fi máa kú, kí wọ́n tó sítáàtì. Tí wọ́n bá dúró tí kò sì gbà, kí wọ́n ní kí réwáyà wọn àwọn irin yẹn níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tàbí méjì ti lè jó. Kí wọ́n yẹ wáyà bọ́dì náà wò.

Ìyá Olóbì Mákún

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yí i. Wọ́n ń ka gbàǹja fún mi lọ́wọ́ báyìí.